Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Orúkọ Àwọn Tó Fi Oko Sílẹ̀ Lójò Yìí, Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Sí Olóòtú,

Okun o, bí àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi tí wọ́n ń pè ní ọmọ Okun ṣe máa ń kíni nìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú àìsùn. Ilẹ̀ Ìyàgbà ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ní apá ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, àgbẹ̀ ni mí báyìí, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kàṣú ni mò ń gbìn. Ọ̀rọ̀ tí mo ní ò kúrú, tẹ́ ẹ bá sì máa gé nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ èbù iṣu, torí ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí jù.

Òjò ọdún 2025 yìí ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù tó máa rọ̀ nínú oṣù kẹwàá yìí, tó bá fi máa di oṣù kọkànlá koríko á ti máa gbẹ, ọyẹ́ á sì máa bọ̀. Gbogbo èèyàn tí mo bá pàdé lọ́nà ló ń dúpẹ́ pé òjò ń lọ, ọ̀rọ̀ yẹn sì ṣàjèjì lẹ́nu àgbẹ̀, torí kò sí àgbẹ̀ tó ń bínú òjò. Ìgbẹ́ tó dí ni wọ́n ń bẹ̀rù. Tí òjò bá ti mú, tí koríko ga ju orí èèyàn lọ, ajínigbé tó fẹ́ fara pamọ́ létí ọ̀nà oko á rí ibi tó máa fara pamọ́ sí, o ò sì ní rí i títí wàá fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Látìgbà tí ewéko ti yọ dáadáa ní nǹkan bí oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún, ni àwọn èèyàn wa ti ń sá fún oko ọ̀nà jíjìn. Oko etílé nìkan la ń rí ro. Oko etílé yẹn náà, ilẹ̀ ẹ̀ ti rẹ̀, gbogbo ìlú ló ń dù ú, kò lè bọ́ wa.

Ẹ̀yin oníròyìn náà ń gbìyànjú, mi ò ní parọ́ mọ́ yín. Tí wọ́n bá jí èèyàn gbé lójú títì Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀, tàbí tí wọ́n wọ abúlé kan lóru lọ́nà Bùnú, ẹ máa ń kọ ọ́. Ẹ ń kọ iye èèyàn tí wọ́n kó lọ, ẹ ń kọ ohun tí ọlọ́pàá sọ, tí wọ́n bá dá wọn sílẹ̀ ẹ ń kọ ìyẹn náà, ìròyìn sì tán nìyẹn. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa kò tán o. Tí wọ́n bá gbé ẹnì kan lábà kan lálẹ́ òní, tó bá fi máa di ọ̀la gbogbo ará abà á ti di ẹrù, ìyá àgbà á gun ọ̀kadà pẹ̀lú adìẹ nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ahéré bí ẹni pé wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọn ò sì ní padà mọ́. Àwọn wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni ò jí wọn gbé, ẹnikẹ́ni ò ṣá wọn ládàá, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi sí nínú ìròyìn kankan. Wọn ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni pàápàá. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyẹn, kẹ́ ẹ bá wa pariwo ẹ̀ kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó fi oko sílẹ̀ lójò yìí, kí wọ́n kọ orúkọ abà wọn àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é nísinsìnyí kí ìgbẹ́ tó gbẹ.

Ẹ lè máa wò ó pé níbo lọ̀rọ̀ orúkọ kíkọ ti wá wọ̀ mí lórí. Àbúrò mi obìnrin kan wà ní Winnipeg, ní Manitoba, ní Kánádà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe níbẹ̀. Àwọn náà rí ìyà ní sọ́mà wọn lọ́dún yìí, iná igbó ló bá wọn jà. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ni ìjọba Manitoba kéde pàjáwìrì fún gbogbo agbègbè wọn pátá, èèyàn bí 17,000 ni wọ́n ní kó kúrò nílé, odindi ìlú Flin Flon tí èèyàn bí 5,000 ń gbé ló ṣófo. Lódìkejì ààlà lọ́hùn-ún, ní Saskatchewan, ilé tó lé ní 200 ló jóná ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Denare Beach. Ó rọ̀ díẹ̀, ó tún ru, nínú oṣù keje wọ́n tún kéde pàjáwìrì lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo igbó tó jó ní Kánádà lọ́dún yìí lé ní mílíọ̀nù 8 hẹ́kítà, ọdún 2023 nìkan ló tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ọdún tí ó jó ju mílíọ̀nù 15 lọ. Iná yẹn ò dé Winnipeg, àmọ́ èéfín ẹ̀ dé. Àbúrò mi ní ọjọ́ mìíràn wà tí oòrùn á kàn pọ́n lójú ọ̀run lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn ti wíńdò, kí àwọn ọmọdé má jáde lọ ṣeré. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò lè mí dáadáa, wọ́n ń gbé wọn wá sí ọsibítù lọ́dọ̀ wọn ṣáá.

Ìgbà ìwọ́wé ti wá dé bá wọn báyìí. Látọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án tí ọ̀sán àti òru dọ́gba, ọ̀sán tiwọn ló ń kúrú lójoojúmọ́, ewé igi ń di yẹ́lò, òmíràn ń pọ́n fòò, ó ń já bọ́ sílẹ̀, òtútù ti ń mú wọn láàárọ̀. Ó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó lẹ́wà púpọ̀. Ó ní àwọn èèyàn ibẹ̀ tí kì í fẹ́ kí òtútù dé, lọ́dún yìí wọ́n ń kí i káàbọ̀, torí òtútù àti yìnyín ló máa wá pa iná tó bá ṣẹ́kù nínú igbó.

Bó ṣe ń ròyìn ẹ̀ fún mi, ibi tí mo ti dá a dúró ni ibi tó ti sọ pé wọ́n kó àwọn èèyàn jáde. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ó ní àwọn Red Cross ni, wọ́n á kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, wọ́n á kọ ìlú rẹ, ẹni mélòó lẹ jẹ́ nínú ilé, ta ló ń lo oògùn ojoojúmọ́, ta ló wà nínú oyún. Àwọn ìlú kan wà níbẹ̀ tí títì ò dé, bàlúù ológun ló lọ kó wọn. Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì kún, wọ́n kó àwọn kan lọ títí dé Niagara Falls ní Ontario, tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ lèèyàn wọ̀ lọ síbẹ̀ kò ní dé lọ́jọ́ kan. Nínú oṣù keje wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ńlá kan sílẹ̀ láàárín Winnipeg fún àwọn tí ò ríbi sùn. Gbogbo ẹ̀ náà kọ́ ló dáa o, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ gan-an, àwọn tí wọ́n ń pè ní First Nations, ni ọ̀rọ̀ yẹn bá jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni inú ẹ̀ ò dùn sí bí wọ́n ṣe há wọn mọ́ gbọ̀ngàn kiri. Àmọ́ ẹni tó bá jáde nílé, orúkọ ẹ̀ wà níbì kan. Torí pé orúkọ ẹ̀ wà níbì kan, nígbà tí iná rọlẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa dá padà àti ibi tí wọ́n máa dá a padà sí. Kí oṣù kẹfà tó parí, àwọn ará Flin Flon ti wà nílé wọn.

Ló bá wá bi mí pé, "Bọ̀dá, ẹ̀yin ńkọ́, ibo ni wọ́n kó àwọn ará abà wa sí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọn ò kó wọn síbì kankan. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú yàrá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ìsánlú pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ, ọ̀kan ń gun ọ̀kadà ní Kàbà, ọ̀kan ti lọ ń ṣe máígádì ní Ìlọrin, àgbẹ̀ tó lágbára gan-an nìyẹn o, tó jẹ́ pé tó bá kọ ebè tán ẹ máa fẹ́ dúró kẹ́ ẹ máa wò ó. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ibo lẹ̀ ń lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ tí wọn ò bá padà mọ́.

Wọ́n sì lè kọ orúkọ wọn tí wọ́n bá fẹ́. Nígbà tí omi yalé lọ́dún 2022, tí odò Ọya àti Benue kún ní Lọ́kọ́ja títí tí ọ̀nà Abuja fi gé, gbogbo wa la mọ̀ pé ó lé ní 600 èèyàn tó kú káàkiri Nàìjíríà, pé àwọn tí omi lé kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún. Báwo la ṣe mọ̀? Ẹnì kan ló kà á. Wọ́n ṣí ibi tí wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n kọ orúkọ, wọ́n pín ẹní àti oúnjẹ, ó tó o, kò tó o, wọ́n sáà kọ orúkọ. Ẹni tí omi lé, a mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ẹ̀rù lé ni a ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà ni àwọn méjèèjì fi sílẹ̀.

Mo máa ń rántí pé Kánádà tí à ń sọ yìí ò jìnnà sí Ìyàgbà tó bí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ṣe rò, kì í ṣe ìgbà tí àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí jápa ló bẹ̀rẹ̀. Láti Kánádà ni Tommy Titcombe ti wá sọ́dọ̀ wa lọ́dún 1908 fún iṣẹ́ ìyìn rere, ó sì wá fi Ẹ̀gbẹ̀ ṣe ibùjókòó, iṣẹ́ tí òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló di ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀ àti Titcombe College. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin láti abúlé kan dé òmíràn nígbà náà, lójú ọ̀nà ìgbẹ́ tó jẹ́ pé ọmọ bíbí ibẹ̀ ò lè dá gbà lónìí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ èbù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín ní Èkó àti Ìbàdàn, ọjà ni wọ́n ti mọ iṣu, kí wọ́n fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé. Iṣu ò dà bí àgbàdo tó jẹ́ pé o kàn lè lọ ra kóńgò kan kó o sì gbìn ín. Iṣu lo máa fi gbin iṣu. Tó bá ti di oṣù keje sí oṣù kẹjọ, àgbẹ̀ á lọ sóko, á rọra tú ẹ̀gbẹ́ ebè, á gé iṣu tuntun náà, àmọ́ á fi orí ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú okùn àti gbòǹgbò ẹ̀, á sì da erùpẹ̀ padà bò ó. Iṣu tó gé yẹn ló máa jẹ, òun náà ló máa tà tó máa fi san owó ilé ìwé. Orí tó fi sílẹ̀ nínú ebè ò ní kú, á tún ta àwọn iṣu kéékèèké míì, tó bá di oṣù kọkànlá sí ìkejìlá tí ewé ẹ̀ ti gbẹ, àgbẹ̀ á padà lọ wà á. Àwọn kéékèèké yẹn lèbù. Òun ló máa tò sínú àká, tó máa ṣọ́, tó máa fi gbin ti ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ wá wo ẹni tí ò dé oko látoṣù karùn-ún. Kò rí koríko ro, koríko ti bo okùn iṣu mọ́lẹ̀. Kò gé iṣu nínú oṣù keje, ìyẹn ni pé kò rí tà, kò sì rí jẹ. Tí ò bá tún lè lọ nínú oṣù kọkànlá, ikán, òkété àti ọ̀yà ló máa bá a kórè, èyí tí wọn ò bá jẹ máa hù padà fúnra ẹ̀ nínú ebè àtijọ́, á sì di iṣu ìgbẹ́. Tó bá di ìgbà ìgbìn lọ́dún 2026, ọwọ́ òfo ló máa fi dúró. Àfi kó lọ ra èbù. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń gbin iṣu, owó èbù máa ń ga ju ohunkóhun míì nínú iṣẹ́ yẹn lọ, owó wo ni ẹni tí ò ta iṣu lọ́dún tó kọjá fẹ́ fi rà á? Á ra díẹ̀, á gbin díẹ̀, ìdá díẹ̀ nínú díẹ̀ yẹn ló máa yọ fún èbù. Lójú tèmi, ọdún kan tí èèyàn ò dé oko, ọdún mẹ́ta ló máa ná an kó tó padà dé ibi tó wà, ìyẹn tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá tún lè tẹ oko yẹn o. Yàtọ̀ sí owó, irú iṣu wà tí ìdílé kan ti ń gbìn látọwọ́ ìyá ìyá wọn, tí ẹ ò lè rí rà lọ́jà níbì kankan, tí èbù ẹ̀ bá ti sọnù báyìí ó lọ nìyẹn. Èyí tí mò ń sọ yìí, mo mọ obìnrin kan tó ń sunkún lé e lórí, kò sunkún ilé, kò sunkún ewúrẹ́ tí wọ́n jí, irú iṣu tí ìyá ọkọ ẹ̀ fà lé e lọ́wọ́ ló ń sunkún.

Ẹ̀gẹ́ ní sùúrù díẹ̀, ó lè dúró nínú ilẹ̀ títí wọ ọdún kejì, àmọ́ tó bá pẹ́ jù á le, á di igi, gaàrí ẹ̀ kì í dáa. Àwọn obìnrin tó ń ṣe gaàrí ló mọ èyí jù. Ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ tó máa ń pariwo látàárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ ọjà, ó ti máa ń dákẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìdí tí àwọn ará ìlú ńlá ò fi mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oúnjẹ wálẹ̀ lọ́jà lọ́dún yìí. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lórí rédíò, inú mi náà dùn fún ẹni tí ò rí jẹ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àgbàdo àti ìrẹsì tí wọ́n kó wọlé wà nínú ohun tó fà á, ìjọba ní kí wọ́n má gba owó bodè lórí irú ẹ̀ láti oṣù keje títí di ìparí ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ tó fi owó gọbọi ra ajílẹ̀ àti oògùn apakoríko, iye tó tà á ò tó iye tó ná. Tí oúnjẹ bá wálẹ̀, ẹni tó wà ní Èkó á rò pé oko ń so. Kò ní mọ̀ pé abà kan wà ní Ìyàgbà tí òjò ti wó ògiri ẹ̀ torí kò sẹ́ni tó ṣán ilé. Tí ọjà bá tún wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún máa bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ló sì kúrò níbẹ̀. Àwọn Fúlàní tó ti ń bá wa gbé láti kékeré wa, tí àwọn ìyàwó wọn máa ń kiri wàrà wọ ìlú láàárọ̀, àwọn ajínigbé ń jí àwọn náà gbé torí màlúù wọn, àwọn náà ti ń kó lọ. Mo mọ̀ pé inú máa bí àwọn kan tí wọ́n bá kà á níbí, àmọ́ tí a bá máa kọ orúkọ, kí a kọ tiwọn náà mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti wà níbẹ̀, tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ níbẹ̀, ará abà yẹn ni.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé ìlú, àwọn kan ta kò ó. Ẹnì kan ní tí a bá kọ orúkọ abà tó ti ṣófo sílẹ̀, ṣebí à ń júwe ibẹ̀ fún àwọn ajínigbé ni. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, àwọn yẹn mọ̀ ọ́n jù wá lọ, inú ahéré wa ni wọ́n ń sùn, ìkòkò wa ni wọ́n fi ń se iṣu wa. Ìjọba àti àwọn tó yẹ kó ràn wá lọ́wọ́ ni ò mọ̀. Ẹlòmíì ní ìwé orúkọ kì í ṣe rere lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ni orúkọ ẹ̀ máa yọ nígbà tí ìrẹsì bá dé. Ìyẹn jẹ́ òótọ́, a ti rí i rí, mi ò lè jiyàn. Ohun tí mo rò ni pé kó má jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé yẹn á wà. Kí baálẹ̀ ní ẹ̀dà kan, kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní ẹ̀dà, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù ní tiwọn, kí wọ́n tó gbé ìkan lọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Tí orúkọ kan bá yọ kúrò níbì kan, ibòmíì á fi hàn.

Kí ni wọ́n máa fi ìwé yẹn ṣe? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Èmi ò ní kí wọ́n fi pín owó. Ohun tí mo fẹ́ ni ọjọ́ oko. Nínú oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, tí a bá ti mọ̀ pé ẹbí báyìí báyìí ni wọ́n ní iṣu nínú ilẹ̀ ní abà báyìí, kí àwọn ọdẹ àti fijilanté pẹ̀lú sójà tàbí ọlọ́pàá tí wọ́n bá rí, kó wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ogún èèyàn, ọgbọ̀n èèyàn, kí wọ́n wa èbù wọn, kí wọ́n rù ú wálé, kí wọ́n tún mú abà míì lọ́jọ́ kejì. Ẹni kan ṣoṣo ò lè ní kí sójà tẹ̀ lé òun lọ sóko, ẹni tó bá sì dá lọ, ẹ̀mí ẹ̀ ló fi ń ta. Àmọ́ tí orúkọ bá wà, tí a mọ iye wọn, tí a mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, èèyàn lè ṣètò ẹ̀. Àwọn ọdẹ wa múra tán, epo ọ̀kadà àti bàtà òjò ni wọ́n ń bèèrè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí iná ti wọ ọ̀rọ̀ tiwa náà nìyí. Ìgbà tí iná ń kú lọ́dọ̀ àbúrò mi ni tiwa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí ìgbẹ́ yìí, tí ó gbẹ, iná á máa jó láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì, ọdẹ tó ń sun igbó, sìgá tí ẹnì kan jù sílẹ̀, ẹni tó ń sun oko ẹ̀ tí atẹ́gùn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kàṣú ló sì pọ̀ jù lóko wa, Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú kàṣú jáde jù ní Nàìjíríà, owó ẹ̀ tó máa ń wọlé láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń gbé ọdún ró. Oko kàṣú, tí oṣù kẹwàá bá ti ń parí, ó yẹ kí èèyàn ti ro ìdí ẹ̀, kó sì la àlà tó fẹ̀ yíká gbogbo oko kí iná má lè fò wọ̀ ọ́. Àwọn oko tí ẹnikẹ́ni ò dé látìgbà òjò, koríko ibẹ̀ ti ga dé ẹ̀ka. Tí iná bá wọ irú oko bẹ́ẹ̀ láàárín ọyẹ́, nígbà tí òdòdó kàṣú ń yọ, òdòdó á jó, igi náà á jó, bẹ́ẹ̀ igi tí o bá gbìn dípò ẹ̀, ó kéré tán ọdún mẹ́ta ni kó tó so nǹkan tí ẹ máa rí. Ẹni tó ti pàdánù èbù nínú oṣù kọkànlá, tí kàṣú ẹ̀ wá jó nínú oṣù kìíní, kí lẹ fẹ́ kó padà wá ṣe lábà? Máígádì tó ń ṣe ní Ìlọrin yẹn ló máa ṣe títí.

Mo tún fẹ́ bá àwọn ọmọ Okun tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ níbí, torí mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yín lórí fóònù. Ẹ ń gbìyànjú, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ ń rán owó ìsìnkú, ẹ ń rán owó ọdún, ẹlòmíì ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá jẹ ọdún iṣu tuntun ní Ògìdì nínú oṣù kẹfà. Iṣu tí à ń fi ṣe ọdún yẹn, inú ilẹ̀ ló ti ń wá. Tí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, ti Kàbà, ti Ìjùmú, ti Bùnú, ti Ìyàgbà, ti Ọ̀wọ̀rọ̀, bá lè yọ díẹ̀ nínú owó tí wọ́n máa fi ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún yìí, kí wọ́n fi ra epo fún àwọn ọdẹ àti fijilanté fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré nínú oṣù kọkànlá, ó máa ṣe ohun tí ìrẹsì ò lè ṣe. Àbúrò mi ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Winnipeg sọ ọ́, wọ́n ní àwọn máa dá owó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì béèrè ni pé, èèyàn mélòó ni, abà mélòó ni. Wọn ò lè dáwó fún ohun tí wọn ò mọ iye ẹ̀.

Torí náà, Olóòtú, tẹ́ ẹ bá máa rán oníròyìn wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rán an wá kí oṣù kọkànlá tó dé ìdajì. Kó má wá torí pé wọ́n jí èèyàn gbé. Kó gba Ọ̀bàjánà wọlé sí Kàbà, títì kọnkéré ibẹ̀ dáa, kó máa bọ̀ lọ́sàn-án. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn abà tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa sínú ìwé, mo kọ orúkọ olórí ẹbí, ibi tó kó lọ, àti ohun tó fi sílẹ̀ lóko, bóyá iṣu ni o, bóyá kàṣú ni o. Àwọn tó kó lọ sí Ìlọrin ni mi ò tíì rí bá sọ̀rọ̀ tán. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ orúkọ wọn síta, ọwọ́ oníròyìn yín ni mo máa fún un, kó fúnra ẹ̀ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bi wọ́n léèrè, kó sì bá wọn gbé e lọ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀,
Ìyàgbà, ìpínlẹ̀ Kogi.